Géèmù tó bá jẹ́ kí n dìde nígbà tó wù mí ni mo máa ń padà sí

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín nípa géèmù orí fóònù, ibi tó ti ní nǹkan méjì péré ló ń fa èèyàn sídìí ẹ̀, àwòrán tó ń dán yinrinyinrin àti owó tí wọ́n ṣèlérí pé èèyàn máa jẹ. Mi ò bá a jà, ó lè jẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀ ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwa àgbà tá a níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń bá wí, àwa tá a kàn ń yọ fóònù jáde láàárín iṣẹ́ kan sí òmíì, tá a ṣeré díẹ̀ tá a sì tún dá a padà sápò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá wa mu rárá, ó sì jọ pé kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa kó tó kọ̀wé.

Aránṣọ ni mí, ní Ouando níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), orílẹ̀-èdè Benin. Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́, mo ní oníbàárà tó máa ń fẹ́ kí aṣọ jáde lónìí nígbà tó jẹ́ àná ló gbé e wá, torí náà àsìkò tí mo ní fún eré kì í ju ìgbà tí iná bá lọ tàbí ìgbà tí mo ń dúró de ẹni tó ní òun ti wà lórí zémìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, òun ń bọ̀. Ohun tí mo sì ti rí látàrí èyí ni pé géèmù tó bá jẹ́ kí n dìde nídìí ẹ̀ láìsí wàhálà, òun gan-an ni mo máa ń padà sí. Àwòrán o, orin o, ẹ̀bùn o, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wọn wà.

Ẹ wo ìyá aláṣọ tó wà lódìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò lọ sílé-ìwé rárá, ṣùgbọ́n ẹ wá wò wọ́n nídìí lúdò orí fóònù. Pupa ni tiwọn nígbà gbogbo, wọn kì í gbà kí ẹlòmíì mú pupa. Wọ́n á fìka kan dáìsì, á yí, á dúró, tó bá ti jẹ́ 6 ẹ máa gbọ́ "mo jáde o!" dé ìdí ọjà. Kí oníbàárà wá dé báyìí, wọ́n á dojú fóònù dé sórí àǹkàrá, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òwò, wọ́n á na aṣọ, wọ́n á búra pé èrè ò sí níbẹ̀ mọ́, oníbàárà á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè é padà, ó lè pẹ́ o, ìgbà míì wọ́n tún máa ka owó lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá tún ṣí fóònù, àwọn ọmọ pupa wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá ta, ẹ̀rọ ò sì ní bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ta lórí fóònù, àwọ̀ mẹ́rin ni, dáìsì ni, ilé ni, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré lórí pákó náà ni.

Ludo King ló wà lórí fóònù wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ló gbé e jáde lọ́dún 2016, ọdún 2020 tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ló wá gbòde kan pátápátá. Ẹ sì wò ó, kò sóhun tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Eré àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni, òun làwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mú lọ sọ́dọ̀ wọn tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n fi sọ ọ́ di lúdò lọ́dún 1896, kó tó wá tàn ká gbogbo Áfíríkà, débi pé ọmọdé ibí lè rò pé àwọn bàbá wa ló gbẹ́ pákó ẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun táwọn ará Íńdíà ṣe ò ju pé wọ́n jẹ́ kó rọrùn lọ, o lè ta á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o lè bá ẹ̀rọ ta, ẹ̀yin mẹ́rin lè máa gba fóònù kan lọ́wọ́ ara yín, tẹ́ ò bá sì sí níbì kan náà wàá fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ẹ́, ó ti wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ohun táwa èèyàn lásán máa fẹ́ràn, ibẹ̀ ni kó ti lọ kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà, ìyẹn dátà tá a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, náà wà níbẹ̀ o, arákùnrin yẹn ò tiẹ̀ fẹnu bà á. Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2018 tí ìjọba wa ní ká máa san fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tá a bá fi wọ WhatsApp, Facebook àtàwọn tó kù, táwọn ọ̀dọ́ fi pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí wọ́n fi fagi lé e nínú oṣù September ọdún yẹn náà. Àtìgbà yẹn, kò sí ìyá ọjà tí kò mọ ìṣirò mẹ́gà. Géèmù wá ń sọ fún mi pé òun fẹ́ gba gíígà méjì kí n tó rí ojú òun, lẹ́yìn ìyẹn ó tún ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, ó tún gba òmíì, fóònù mi á wá ní àyè ò sí mọ́, kí n lọ pa nǹkan rẹ́. Kí ni kí n pa rẹ́, fọ́tò ìsọmọlórúkọ? Fọ́tò àwọn ìrán aṣọ tí mo fi ń han oníbàárà? Géèmù ló máa lọ jàre.

Tó bá wá wọlé tán, wọ́n á ní kí o kọ orúkọ, kí o kọ ímeèlì, kí o kọ ọjọ́ ìbí, kí o dá kóòdù tó ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àti àmì tí mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà lórí fóònù. Mi ò tíì mọ̀ bóyá eré yẹn dùn, wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi bíi ti ọlọ́pàá ẹnubodè Kraké. Èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ á pa á dé ni. Tíṣà kan tí mo máa ń rán ṣòkòtò fún ló fi ìkànnì kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní Lichess, chess, eré orí pákó tí ẹṣin wà lára ọmọ ẹ̀, ni wọ́n ń ta níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Thibault Duplessis ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2010. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, owó táwọn èèyàn bá dá fún wọn láti inú ìfẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e ró, bó o bá sì dé ibẹ̀ lónìí o lè bẹ̀rẹ̀ eré láìsọ orúkọ ẹ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ chess ta o, ẹṣin yẹn ni mo mọ̀ nìkan torí ó ń fò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn wà ní ṣíṣí, mo sì wọlé lọ wò ó, ohun tí mi ò ní ṣe láé nìyẹn tí wọ́n bá ti béèrè ímeèlì lẹ́nu ọ̀nà.

Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì míì ni Wordle, èyí tí wọ́n ní kó o fi ìgbà 6 ṣàwárí ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà 5. Josh Wardle ló ṣe é, ó sì gbé e jáde fún gbogbo èèyàn nínú oṣù October 2021, kò ju oṣù mélòó kan lọ, ní January 2022, ìwé ìròyìn New York Times ti rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́! O gbà á o, o ò gbà á o, ó tán nìyẹn, ó dọ̀la. Gbogbo ayé ń ta ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń fi àwọn àpótí aláwọ̀ ewé kéékèèké yẹn ránṣẹ́ síra wọn láti fi yangàn láìsọ ìdáhùn. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n orí òwò lásán á ní kí wọ́n fi ogún ọ̀rọ̀ síbẹ̀ lójúmọ́ káwọn èèyàn lè pẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ni, ó dá mi lójú pé yóò ti sú wọn kọ́dún tó yí.

Àwọn tí kì í jẹ́ kéèyàn lọ ńkọ́? Àwọn náà pọ̀, wọ́n sì gbọ́n. Candy Crush, tó jáde lọ́dún 2012, mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́, ìgbà tó o bá to súìtì mẹ́ta pọ̀ tí wọ́n fọ́ tí àwọn tòkè já wálẹ̀ tí àwọn yẹn náà tún fọ́ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn wọ́n, inú èèyàn máa ń dùn lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé. Ẹ̀mí 5 ni wọ́n fún ẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó o bá pàdánù, ààbọ̀ wákàtí ló máa gbà kó tó padà. Ó jọ pé wọ́n ń ní kó o lọ ṣiṣẹ́ ẹ, ṣebí ohun tí mo ń wá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó, kò ní pẹ́ tí fóònù á fi dún pé ẹ̀mí ẹ ti pé, máa bọ̀, tàbí kó o lọ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ, tàbí kó o kúkú san owó díẹ̀ kó o má dúró mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ní kí o máa lọ náà ni wọ́n fi ń fà ẹ́ padà. Mi ò pe ìyẹn ní olè, oníṣòwò ni wọ́n, èmi náà mọ bí mo ṣe ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ yìí máa dùn wò tó bá ní fìlà. Àmọ́ kí wọ́n má sọ fún wa pé àwa tá a kàn ń ṣeré ránpẹ́ ò já mọ́ nǹkan, ilé iṣẹ́ King tó ni géèmù súìtì yẹn, dọ́là bílíọ̀nù 5.9 ni wọ́n rà á lọ́dún 2016. Àsìkò tí mo fi ń dúró de oníbàárà mi, owó ni lójú ẹlòmíì.

Ọkùnrin kan wà ní Vietnam, Dong Nguyen lorúkọ ẹ̀, òun ló ṣe Flappy Bird, ẹyẹ kékeré tó ń fò láàárín páìpù, ẹ kàn fìka tẹ ojú fóònù ni. Ó le bí ojú ẹja, èèyàn á kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù February 2014, nígbà tí gbogbo ayé ń ta á, fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò lórí igbá. Ó ní òun ṣe é kéèyàn lè fi najú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti di bárakú sáwọn èèyàn lára. Ẹ wo ẹni tí owó ń wọlé fún tó sì tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù! Mi ò mọ̀ bóyá èmi á lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má tàn yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, Free Fire ni tiẹ̀. Ní òótọ́, géèmù yẹn ò wúwo bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ìdí tó fi kún ìgboro nìyẹn, èèyàn 50 á máa yìnbọn lura wọn lórí erékùṣù kan títí á fi ku àwọn tó borí, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Mo lè ní kó lọ bá mi ra òwú dúdú lẹ́bàá ọ̀nà, á ní "Tántì, ẹ jọ̀ọ́, ó ku èèyàn mẹ́fà," kò ní gbójú sókè. Tó bá dìde lójijì àwọn tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ á bú u, ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Ìpóbẹ́ tí mi ò tíì rí rí, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohùn ẹ̀ dáadáa, ẹnu ẹ̀ ò dáa. Eré tiwọn nìyẹn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n lókun. Ẹni tó níná lórí ààrò ò lè ta á.

Àwọn kan náà tún wà tí wọ́n ti fi aṣọ géèmù wọ tẹ́tẹ́. Èso ń yí, bọ́ọ̀lù ń já bọ́, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ń gòkè, o ṣe bí eré ni, àṣé owó MoMo ẹ, owó tó o fi pa mọ́ sórí fóònù, ló ń gòkè lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan lọ fi owó tí ìyá ẹ̀ fún un láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ìkànnì náà, ó ti sunkún tó. Mi ò ka àwọn yẹn mọ́ ohun tí mò ń sọ, arákùnrin tó kọ lẹ́tà lọ́jọ́sí ló pa gbogbo wọn pọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju mẹ́gà àti kóòdù lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Libreville, ní Gabon, láti ọjọ́ pípẹ́. Tó bá pè mí lásán, ọ̀rọ̀ wa kì í pẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣé dáadáa lẹ wà, ara màmá ńkọ́, a dúpẹ́, ọjà ò tà, ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n tá a bá ṣí lúdò tá a sì fi WhatsApp sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tá a jọ ń gbọ́ ohùn ara wa, a lè wà níbẹ̀ títí oorun á fi gbé ọ̀kan nínú wa lọ. Á ta, màá ta, á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rẹ́ mi jẹ o, 6 mélòó lẹ fẹ́ jù tán?", màá fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tá a fi ń wo dáìsì lọ̀rọ̀ gidi á ti máa yọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti bi mí lórí ilẹ̀ bàbá wa tó wà ní Kétu, ọ̀rọ̀ tó ti wà láàárín àwa méjèèjì tipẹ́tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí kí ló ń fà mí sídìí lúdò orí fóònù, ṣé màá wá sọ pé àwòrán ni?

Ní Kétu ọ̀hún, nílé àwọn ẹbí bàbá mi, ẹ lọ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjì ló ń ta, àwọn tó ń wòran lè tó mẹ́wàá, àwọn tó ń wòran yìí ló sì ń pariwo jù. Wọ́n á máa ki ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, wọ́n á máa bú ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ẹnì kan á ní kó má fọwọ́ kan ilé yẹn, òmíràn á ní kó jẹ ẹ́, ẹni tó ń kọjá lọ sí oko lásán á dúró dá sí i. Ẹni tó ní iṣẹ́ á dìde, ẹlòmíì á bọ́ sórí àga ẹ̀, eré ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan ní Amsterdam, Romein àti Bal, ti fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò 48 lè gbà jókòó sínú ihò 12 wò, ó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì sọ ọ́ lọ́dún 2002 pé tí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni yóò já sí. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn bàbá Kétu. Wọ́n á ní ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ayò wà lórí fóònù o, mo ti wá a, mo rí oríṣiríṣi. Gbogbo èyí tí mo rí, èèyàn méjì ni wọ́n fi sí i, ojú ọpọ́n ń dán, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó wá dà bíi pé wọ́n ń ṣe ìdánwò. Wọ́n kó ọpọ́n wá, wọ́n gbàgbé àwọn òǹwòran. Ó sú mi kí n tó ta á tán, mo sì yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí, ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi síwájú àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù ní Kùtọnu, àwọn tó wà nílé-ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Dangbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, àtàwọn tó wà lọ́dọ̀ yín ní Nàìjíríà. Kí wọ́n ṣe ayò kan fún wa tí mẹ́gà ẹ̀ ò ní pọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù ìyá aláṣọ yẹn láìsí ímeèlì láìsí kóòdù, kí ohùn Yorùbá máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ torí àwọn tí kò mọ̀wé, kí àyè wà fún àwọn òǹwòran láti wọlé kí wọ́n sì fi ohùn wọn dá sí i, kí ẹlòmíì lè gba ipò mi tí mo bá ní láti dìde. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìpolówó díẹ̀ sí i kí wọ́n lè jẹun, mi ò ní kí wọ́n má fi sí i, kó má ṣáà já lu àárín eré. Tí wọ́n bá ṣe é tán, kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ká bá wọn dán an wò, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti ìyá aláṣọ, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àmọ́ kó má jẹ́ ọjọ́ ọjà, kó má sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ọdún Iléyá bá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, torí lásìkò yẹn mi ò lè gbójú sókè.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Ouando, Àjàṣẹ́